Igi Gíga ní Ilẹ̀ Òtútù: Ohun tí Gbígbin Yúkálípítọ́ọ̀sì Kọ́ Mi nípa Ìmọ̀ àti Èdè

  

Nígbà tí Olórí Ẹ̀ka wa béèrè àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́wọ́ mi, tí mo sì sọ fún un pé igi kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé igi inú ìwé Fágúnwà ni?" Mo ní rárá, igi tí a ń fi ọwọ́ gbìn ni. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò jìnnà sí wa nínú ọgbà yìí, n kò sì wá gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú igi wọ inú iyàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń ka ìwé. Ohun tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí ni pé kí wọ́n má ṣe kánjú sọ pé ìwé kan ti tán nínú. Kí wọ́n padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n wo ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2011, igi kan fi hàn mí pé èmi fúnra mi kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ náà dé ibi tí ó yẹ.

1. Ilé àti orúkọ igi náà

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ilé yúkálípítọ́ọ̀sì. Oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 700, díẹ̀ péré nínú wọn ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti mọ òórùn rẹ̀ láti ìgbà èwe, nítorí òróró ewé rẹ̀ wà nínú àwọn ìpara kan tí à ń fi ra àyà ọmọ nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí i nímú. Àwọn oríṣi kan kò ga ju igbó ṣúúrú lọ. Òmíràn, èyí tí a ń pè ní E. regnans, ni ó ga jù lọ ní gbogbo ayé nínú àwọn igi tí ń yọ òdòdó. Ọ̀kan wà ní Tasmania tí ó ga tó nǹkan bí mítà 100.

Ní 1777, nígbà ìrìn àjò kẹta Captain James Cook, wọ́n já ẹ̀ka kan ní erékùṣù Bruny, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Tasmania, wọ́n sì gbé e ní gbígbẹ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Charles Louis L'Héritier, ti rí i. Òun ni ó fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é títí di òní, nínú ìwé kan tí ó ní ọdún 1788 lára. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀: eu, èyíinì ni "dáadáa", àti kalyptos, èyíinì ni "ohun tí a bò". Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, a lè pe igi náà ní Abòdáadáa. Ìdí orúkọ náà ni pé ìrudí òdòdó rẹ̀ a máa dé fìlà kékeré kan. Bí àkókò bá tó, àwọn irun funfun inú rẹ̀ a ti fìlà náà dànù, òdòdó a sì là.

Ẹ bá mi kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Ẹni tí ó sọ igi yìí lórúkọ kò dé Ọsirélíà láti rí i ní ìdúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ ni ó rí. Òtítọ́ ni ó sọ nípa ìrudí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kò lè sọ fún ni ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Èmi náà yóò ṣe irú rẹ̀ láìpẹ́, bí ẹ óò ti gbọ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni E. gunnii. Joseph Dalton Hooker ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1844, ní ìrántí Ronald Campbell Gunn, ẹni tí a bí ní Cape Town, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ní 1808, tí ó sì lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Tasmania tí ó ń kó ewéko jọ fún àwọn onímọ̀. Orí òkè pẹrẹsẹ ní àárín gbùngbùn Tasmania ni igi yìí ti ń hù, ní ibi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó dé, a máa dá ara rẹ̀ lu ní ìgbà tí ojú ọjọ́ bá móoru. Oje dídùn a sun jáde, a kàn fúnra rẹ̀, a sì di ọtí. Way-a-linah ni orúkọ ọtí náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ọtí èso ápù tiwọn pe igi náà. Níwájú àwọn ọmọ adẹ́mu, n kò rò pé mo ní láti ṣàlàyé èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ìwà rẹ̀

Igi yìí ní ìwà mẹ́ta tí ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èkíní, ewé ọmọdé rẹ̀ àti ewé àgbà rẹ̀ kò jọra. Nígbà tí ó bá kéré, ewé rẹ̀ a rí roboto bí owó fàdákà, méjì méjì a kọjú sí ara wọn, àwọ̀ wọn a sì dà bí eérú tí a ta aró díẹ̀ sí. Bí igi náà bá dàgbà, ewé a gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọ̀kọ̀, a máa fì dirodiro, a sì di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò búra pé igi méjì ni. Àwọn tí ń ta òdòdó fẹ́ràn ewé ọmọdé náà, nítorí náà wọn a máa gé igi náà mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún kí ó má bàa dàgbà láé.

Èkejì, kì í sùn bí àwọn igi ilẹ̀ òtútù ti ń sùn. Nígbà ìwọ́wé, igi oak àwọn Gẹ̀ẹ́sì a wọ́wé, a sì fi ìpẹ́ líle bo ojú ewé rẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé. Yúkálípítọ́ọ̀sì kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Igi tí ó ń jẹ́ Abòdáadáa nítorí òdòdó rẹ̀, ìhòòhò ni ojú ewé rẹ̀ wà nígbà òtútù. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì móoru díẹ̀, yóò máa dàgbà lọ ni. Nítorí náà, kì í ṣe bí òtútù ti pọ̀ tó nìkan ni a gbọ́dọ̀ wò, bí kò ṣe bí ó ti wọlé. Bí òtútù bá wọlé díẹ̀díẹ̀, ara igi a le, E. gunnii tí ó ti dàgbà a sì lè fara da nǹkan bí ìwọ̀n 14 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Bí ó bá dé lójijì bá ọ̀mùnú tí ó rọ̀, òtútù tí kò tó ìdajì ìyẹn lè jó o bí iná.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Láti kékeré rẹ̀ ni kókó kan ti máa ń yọ ní ibi tí ara igi ti pàdé gbòǹgbò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní lignotuber. Èmi yóò máa pè é ní kókó ìdí. Oúnjẹ wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀. Ojú tí ó lè hù sì pọ̀ lára rẹ̀, bí ojú ti máa ń wà lára iṣu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń sùn. Bí iná bá jó igi, bí ẹran bá jẹ ẹ́, bí òtútù bá pa á dé ilẹ̀, àwọn ojú wọ̀nyí a jí, wọn a sì hù. Kì í ṣe gbogbo yúkálípítọ́ọ̀sì ni ó ní in. E. regnans, ọba gbogbo wọn ní gíga, kò ní in. Bí iná ńlá bá pa á, ó kú nìyẹn, àfi kí irúgbìn rẹ̀ hù ní ipò rẹ̀. Èyí tí ó ga jù lọ kọ́ ni ó ní ibi ìsádi.

3. Igi tí mo rà

Ní 2004 ni mo lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí a ń gbé ní àgbàlá kan lẹ́yìn, tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ wọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Mo fẹ́ igi tí yóò yára ga, tí kò sì ní wọ́wé, nítorí àwọn oṣù tí igi gbogbo máa ń wà ní ìhòòhò níbẹ̀ máa ń mú ọkàn mi wúwo. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń ta igi, mo sì ra èyí tí ó ga jù nínú gbogbo yúkálípítọ́ọ̀sì rẹ̀. Inú ike ni ó wà, ó sì ga jù mí lọ. Ní ìgbà ìwọ́wé 2005 ni mo gbìn ín. Mo ri òpó tì í, mo sì fi okùn dè é típẹ́típẹ́. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n: mo ti fo ọdún méjì tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi dúró.

Ìjì ńlá kan jà ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní 2007. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, igi mi ti wó, òun àti òpó rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo gbòǹgbò. Wọ́n ṣì lọ́ yí ara wọn ká bí òṣùká, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ike. Ó ti lé ní ọdún kan tí igi náà ti wà nínú ilẹ̀ mi, síbẹ̀ kò tí ì mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ike. Òpó tí mo rò pé mo fi ràn án lọ́wọ́ tún ti pa á lára, nítorí ara igi tí ẹ̀fúùfù kò bá mì kì í le. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Èmi wo gíga igi láti òkèèrè, n kò wo ibi tí gíga náà dúró lé.

4. Igi tí mo gbìn

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe é létòlétò, kí ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ òtútù lè rán ọ̀rọ̀ náà sí i.

Irúgbìn E. gunnii kéré púpọ̀, ó dà bí ẹ̀tù ìbọn. Mo pò ó mọ́ iyanrìn tútù, mo sì fi í sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irúgbìn tí ó ti orí òkè olótùútù wá a máa dúró de òtútù kí ó tó hù dáadáa. Fíríìjì ni mo fi ṣe ìgbà òtútù fún un. Ní oṣù Kẹrin, mo fọ́n ọn sórí ilẹ̀dú nínú àwo, mo sì bu iyanrìn díẹ̀ fọ́n lé e lórí, n kò rì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó yọ ewé mẹ́rin, mo ṣí wọn lọ sínú ike tí ó jìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀, mo sì pààrọ̀ ike kí gbòǹgbò tó ráyè yí po. Ní oṣù Karùn-ún 2008, lẹ́yìn tí ìrì dídì ti kásẹ̀ ńlẹ̀, mo yan ọ̀kan, mo sì gbìn ín sílẹ̀. Kò ga dé orúnkún mi. Aládùúgbò wa wò ó láti orí ògiri, ó sì béèrè bóyá koríko ni.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn gbogbo ọjọ́ ni mo yàn, níbi tí omi kì í dúró. N kò yan ibi kòtò, nítorí òtútù náà máa ń ṣàn lọ sí ibi tí ó bá rẹlẹ̀, bí omi. Mo fi mítà méjìlá sí àárín òun àti ilé. Igi yìí a máa mu omi púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, ilẹ̀ náà a gbẹ, a sún kì, ògiri a sì sán. Mo hú gbogbo koríko ìdí rẹ̀, mo sì fi èèpo igi wẹ́wẹ́ bò ó, kí koríko má bàa bá a du omi. Mo bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. N kò fún un ní ajílẹ̀ lẹ́yìn oṣù Keje, nítorí ọ̀mùnú tí ajílẹ̀ bá mú jáde nígbà náà, oúnjẹ ìrì dídì ni. N kò ri òpó tì í. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kúrú, kí ó máa gé e láti ọdún kejì tàbí ẹ̀kẹta: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde níhìn-ín lọ máa wá E. gunnii tí yóò gbìn sí Ìbàdàn. Igi òtútù ni, ooru wa kò bá ara rẹ̀ mu. Yúkálípítọ́ọ̀sì tí a gbìn ní Àríwá Nàìjíríà láti dá ẹ̀fúùfù dúró, irú bí E. camaldulensis, ẹ̀yà mìíràn ni, èyí tí ó mọ ọ̀gbẹlẹ̀ lára.

5. Ọdún òtútù

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn 2010, igi tí aládùúgbò mi pè ní koríko ti ga ju mítà mẹ́ta lọ. Ewé àgbà mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, tí a bí ní 2005, a máa dúró tì í ní òwúrọ̀ láti wo ẹni tí ó ń yára dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ni òtútù náà wọlé, ó sì wọlé lójijì. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni oṣù Kejìlá tí ó tutù jù ní ilẹ̀ náà láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilẹ̀ dì gbagidi. Igi tí kì í wọ́wé a máa fi ewé rẹ̀ tú omi jáde lójú oòrùn àti ẹ̀fúùfù, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ kò lè rí omi fà nínú ilẹ̀ tí ó dì. Òùngbẹ àti òtútù ni ó jọ ń pa á. Kì í ṣe igi tèmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní 1982, òtútù dé ìwọ̀n 26.1 lábẹ́ òdo ní Newport, ní Shropshire. Ní 1985, òtútù pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn yúkálípítọ́ọ̀sì tí wọ́n gbìn fún iṣẹ́ bébà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí oṣù Kejì 2011 yóò fi dé, ewé igi mi ti di bébà gbígbẹ, èèpo ara rẹ̀ sì ti là gbọnrangandan láti òkè dé ibi orúnkún.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi pè mí lórí fóònù láti ilé. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, ó wá béèrè igi náà, nítorí mo ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i rí.

Mo ní, "Màmá, ó ti kú. Mo fẹ́ hú u lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀."

Ó ní, "Àkànní, ta ni ó sọ fún ọ pé ó ti kú?"

Mo ní, "Ewé rẹ̀ ti gbẹ tán, Màmá. Èèpo rẹ̀ ti là."

Ó ní, "Òkè ni o wò. Ṣé o ti wo ìdí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, igi òyìnbó nìyí o, kì í ṣe kòkó."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má tí ì hú u. Dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá móoru."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá mi ti wá. Ní 1983, ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá, iná jó oko kòkó káàkiri, ó sì jó tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà hú igi wọn, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ìyá mi kò hú tirẹ̀. Ó gé àwọn igi tí ó jóná kù díẹ̀ sókè ilẹ̀, ó kó koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, ó sì dúró de òjò. Lẹ́yìn òjò, ọ̀mùnú yọ ní ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó yan ọ̀kan ṣoṣo lára igi kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó súnmọ́ ilẹ̀ jù, kí ó lè ta gbòǹgbò tirẹ̀, ó sì ya ìyókù dànù. Owó kòkó yẹn ni mo fi ka yunifásítì. Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo kàn rò pé ìmọ̀ ìyá mi kò lè sọdá òkun ni.

Lóòótọ́, n kò hú igi náà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé mo gba ọ̀rọ̀ ìyá mi gbọ́. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ní oṣù Kẹrin, ìyá mi papò dà. Mo wá sílé, a sin ín, mo sì padà. Ní òwúrọ̀ kan ní oṣù Kẹfà, mo gbé àkéké lọ sí ìdí igi náà láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ti èèpo igi wẹ́wẹ́ tí mo fi bo ilẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀mùnú mẹ́rin ni mo rí, àwọ̀ eérú, ewé roboto ti ọmọdé, ní ìdí ohun tí mo ti pè ní òkú. Fóònù wà ní àpò mi. Ẹni tí ó yẹ kí n pè ni kò sí mọ́.

Mo ṣe bí ó ti ṣe fún kòkó rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé 2012, mo yan èyí tí ó le jù nínú àwọn mẹ́rin, mo gé ìyókù. Nígbà tí a kó kúrò ní ilé náà ní 2016, igi náà ti ga kọjá òrùlé.

6. Ohun tí ó wà ní ìdí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ẹ̀ka wa nìyí. Ìyá mi ní orúkọ fún ọ̀mùnú tí ó yọ ní ìdí kòkó. Ó ní orúkọ mìíràn fún èyí tí ó yọ lára ẹ̀ka, èyí tí a kì í yàn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ń pe ibi tí ara igi ti pàdé gbòǹgbò. Mo gbọ́ wọn ní gbogbo ìgbà èwe mi. N kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Mo ti kọ ìwé, mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ àwọn akéwì, síbẹ̀ nígbà tí mo ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sílẹ̀, mo ní láti jókòó kí n ṣẹ̀dá "kókó ìdí" láti inú orí ara mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ì bá bá a mu ti bá ìyá mi wọ ilẹ̀. Bí L'Héritier ti ṣe ni èmi náà ṣe: ẹ̀ka gbígbẹ ni mo dì mú tí mo ń sọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún padà sí Tasmania. Àwọn tí ó ń gba oje lára E. gunnii ní èdè tiwọn, ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí òyìnbó gba ilẹ̀ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì kó àwọn tí ó ṣẹ́kù kúrò nílé. A ka Fanny Cochrane Smith, tí ó kú ní 1905, sí ẹni ìkẹyìn tí ó gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè náà yékéyéké. Ní 1899 àti 1903, a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìda, níbi tí ó ti ń kọrin ní èdè àwọn ìyá rẹ̀. Láti nǹkan bí 1990 síwájú ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé àtijọ́ jọ, tí wọ́n ń fi wọ́n kọ́ èdè kan tí wọ́n pè ní palawa kani, tí àwọn ọmọdé sì ti ń sọ. Ọ̀mùnú ìdí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: ohun tí ẹnìkan kọ sílẹ̀ tàbí tí ìdílé kan rántí nìkan ni ó hù. Ìyókù kò hù.

Igi náà fúnra rẹ̀ wà nínú ewu ní ilé rẹ̀. Ẹ̀yà E. gunnii kan tí ó wà ní agbègbè Miena, lórí òkè pẹrẹsẹ náà, ti wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba Ọsirélíà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lè parun. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti ooru tí ó ń pọ̀ sí i ń pa àwọn àgbà igi, ẹran sì ń jẹ ọ̀mùnú tí ó yọ ní ìdí wọn. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé: kókó ìdí kì í ṣe àìkú. Bí ọ̀mùnú bá yọ, tí a jẹ ẹ́, tí ó tún yọ, tí a tún jẹ ẹ́, oúnjẹ inú kókó a tán, igi a sì kú pátápátá, láìsí ìjì, láìsí iná.

Ẹni tí ó bá ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀mùnú ni ó ń jẹ. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín sí ìyá mi lórí fóònù, ọ̀mùnú ni mo jẹ.

7. Ìkádìí

Àbá mẹ́ta ni mo ní, mo sì fẹ́ kí Ẹ̀ka wa gbé wọn yẹ̀wò. Èkíní, kí a máa rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò gba oyè lọ́dọ̀ wa lọ bá àgbẹ̀ kan, aláró kan, alágbẹ̀dẹ kan tàbí amọ̀kòkò kan, kí ó kọ 100 ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kí ó tó jáde. Èkejì, kí a máa pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wá sórí àga yìí gan-an, kí a jókòó, kí wọ́n sì máa kọ́ wa. Ẹ̀kẹta, èyí kò gba owó rárá: bí àgbà kan bá ṣì wà ní ilé yín tí ó mọ orúkọ nǹkan, ẹ pè é ní alẹ́ òní. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti hú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù kí òjò tó rọ̀, ọmọ wo ni yóò fi rọ́pò?

Ní ọdún 2023, mo gba Yorkshire kọjá, mo sì dúró ní ojú pópó níwájú ilé wa àtijọ́. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí kò mọ̀ mí. Mo rí orí igi náà láti ẹ̀yìn òrùlé, ewé àgbà ni gbogbo rẹ̀, ó ń fì nínú ẹ̀fúùfù láìsí òpó. Ọmọ mi, tí ó ti di ọ̀dọ́kùnrin, wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ó bi mí ní Yorùbá pé, "Bàbá, ṣé igi Màmá àgbà nìyẹn?" Mo ní òun ni.